Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Tí Ó Ní Ìtumọ̀ Méjì: Bí Wọ́n Ṣe Ń So Dense-mode àti Sparse-mode Pọ̀ Nínú Multicast

Nínú iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà, multicast ni ìlànà tí orísun ìsọfúnni kan fi ń fi ẹ̀dà kan ṣoṣo ránṣẹ́, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ sì ń dà á kọ ní oríta tí ó bá yẹ, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tí ó béèrè fún un. Òun ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gbé tẹlifíṣọ̀n gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò, òun náà sì ni àwọn ọjà ìpín ìdókòòwò fi ń kéde iye owó fún ọ̀pọ̀ oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà pàtàkì méjì ni àwọn onímọ̀ ti ń darí irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀: dense-mode, tí a gbé ka èrò pé àwọn olùgbà pọ̀ káàkiri ibi gbogbo, àti sparse-mode, tí a gbé ka èrò pé wọ́n fọ́n ká, tí ibi tí wọn kò sí sì pọ̀ ju ibi tí wọ́n wà lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí agbègbè kan bá ń lo ọ̀nà kìíní, tí èkejì sì ń lo ọ̀nà kejì, okùn tí ó so wọ́n pọ̀ ti tó. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ohun tí ó ya ọ̀nà méjèèjì nípá ni ìtumọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ìdí sì nìyí tí ìsopọ̀ wọn fi gba kí ẹ̀rọ kan dúró sí ibodè, kí ó gbọ́ èdè méjèèjì, kí ó sì máa túmọ̀ ọ̀kan fún èkejì.

Ohun tí multicast jẹ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìsọfúnni lè gbà rin nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èkíní ni unicast, níbi tí orísun ti ń bá olùgbà kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Èkejì ni broadcast, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dé etí gbogbo ẹ̀rọ tí ó wà ní àdúgbò kan, bóyá wọ́n fẹ́ ẹ tàbí wọn kò fẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta ni multicast, tí ó wà fún ẹgbẹ́: ẹni tí ó wọ ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń dé bá, ẹni tí kò wọ̀ ọ́ kò ní rí i. Bí kọ̀ǹpútà 300 bá fẹ́ wo fíìmù kan náà, tí fíìmù náà sì ń gba megabit 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, unicast yóò mú kí orísun tú megabit 1,200 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ multicast, megabit 4 náà ni yóò jáde, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ atọ́nà, tí wọ́n ń pè ní router, ni yóò máa ṣe àdàkọ rẹ̀ ní ibi tí ọ̀nà bá ti yà.

Steve Deering, tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ni ó fi ìpìlẹ̀ ìlànà yìí lélẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìlànà RFC 1112 tí ó jáde ní ọdún 1989. Àdírẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 224.0.0.0 títí dé 239.255.255.255 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún multicast, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà kan pàtó, nítorí pé orúkọ ẹgbẹ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Kọ̀ǹpútà tí ó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yóò sọ fún router tí ó súnmọ́ ọn jù lọ nípasẹ̀ ìlànà kan tí ń jẹ́ IGMP. Kókó kan wà níbí tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: ọ̀dọ̀ router àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ IGMP ń parí sí. Bí router náà yóò ṣe jẹ́ kí àwọn router yòókù mọ̀ pé òun ní olùgbà, tàbí bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí ó sọ fún wọn rárá, ni ibi tí dense-mode àti sparse-mode ti pínyà.

Òfin kan tí ọ̀nà méjèèjì jọ ń pa mọ́

Nítorí pé ìdì ìsọfúnni multicast lè di púpọ̀ bí ó ṣe ń lọ, ewu wà pé ó lè máa yí po nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìdúró. Òfin tí ó ń dènà èyí ni wọ́n ń pè ní RPF, tí Yogen Dalal àti Robert Metcalfe kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1978. Nígbà tí ìdì kan bá wọlé, router yóò wo ìwé ọ̀nà rẹ̀, yóò sì bi ara rẹ̀ pé: bí ó bá jẹ́ pé orísun ìdì yìí ni wọ́n fẹ́ kí n ránṣẹ́ sí, ẹnu ọ̀nà wo ni ǹ bá gbà? Bí ìdì náà bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, yóò gbà á. Bí ó bá gba ibòmíràn wọlé, yóò dà á nù. Ó dà bí aṣọ́bodè Abẹ́òkúta tí oníṣẹ́ kan sọ fún pé láti Ìbàdàn ni wọ́n ti rán òun tààrà, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ojú ọ̀nà Èkó ni oníṣẹ́ náà ti yọ. Aṣọ́bodè náà yóò dá a padà, nítorí pé ọ̀nà tí ó gbà kò bá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mu.

Dense-mode: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìfọwọ́sí

Ìṣe dense-mode dà bí ti akéde tí ọba rán níṣẹ́. Akéde kì í béèrè ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ kí ó tó lu agogo. Gbogbo àdúgbò ni ó máa ń wọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni router tí ó ń lo dense-mode ṣe máa ń da ìdì ìsọfúnni àkọ́kọ́ sí gbogbo ẹnu ọ̀nà tí ó ní router mìíràn tàbí olùgbà, àfi ẹnu ọ̀nà tí ìdì náà gbà wọlé. Router tí kò bá ní olùgbà kankan ní ẹ̀yìn rẹ̀ yóò wá rán ọ̀rọ̀ ìgékúrò, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Prune, padà sí ẹni tí ó wà lókè rẹ̀, láti sọ pé kí wọ́n gé ẹ̀ka tòun kúrò lára igi. Bí olùgbà bá dé lẹ́yìn náà, router náà yóò rán ọ̀rọ̀ ìsopadà, èyí tí ń jẹ́ Graft, kí ẹ̀ka rẹ̀ tún lè hù.

Ìgékúrò yìí kì í ṣe ti títí láé. Nínú PIM-DM, ọ̀kan lára àwọn ètò dense-mode, tí ìwé ìlànà rẹ̀, RFC 3973, jáde ní ọdún 2005, ìṣẹ́jú àáyá 210 ni wọ́n fún un. Bí àkókò yẹn bá pé, tí kò sì sí ohun tí ó sọ ọ́ dọ̀tun, ìsọfúnni yóò tún ya bo gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìgékúrò yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Láti dín ìyọnu yìí kù, ìwé kan náà ṣètò ọ̀rọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ State Refresh, tí router tí ó súnmọ́ orísun ń rán ní ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 60, kí àwọn ẹ̀ka tí wọ́n ti gé lè wà ní gígé.

Ọ̀nà yìí ni ó kọ́kọ́ délẹ̀. DVMRP, ètò dense-mode kan tí ìwé ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1988, ni wọ́n fi gbé MBone ró, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì multicast àkọ́kọ́ tí ó tàn ká íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹta ọdún 1992, nígbà tí ẹgbẹ́ IETF, tí ó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ń ṣe ìpàdé ní San Diego, multicast ni wọ́n fi gbé ohùn àwọn tí ń sọ̀rọ̀ dé ibùdó 20 ní kọ́ńtínẹ́ǹtì mẹ́ta. Àṣeyọrí ńlá ni èyí, àmọ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ṣe ń gbòòrò ni àléébù ìdàkúnlẹ̀ ń hàn, torí kò sí router kan tí kò ní láti gba ohun tí kò fẹ́ kí ó tó lè sọ pé òun kò fẹ́ ẹ.

Sparse-mode: ẹni tí ó dákẹ́ kò ní rí nǹkan gbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òwe yìí gan-an ni òfin sparse-mode. Deering àti Deborah Estrin pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣàlàyé ètò rẹ̀, tí ń jẹ́ PIM-SM, ní ọdún 1994, ìwé ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1997, èyí tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé lónìí ni RFC 7761 ti ọdún 2016. Ó dà bí ìwé ìròyìn tí ènìyàn ní láti lọ kọ orúkọ sílẹ̀ fún lọ́dọ̀ aṣojú kí wọ́n tó máa gbé e wá sí ilé rẹ̀.

Aṣojú náà ni router kan tí wọ́n yàn ní ibùdó ìpàdé, èyí tí wọ́n ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí RP. Nígbà tí olùgbà bá wọ ẹgbẹ́, router tí ó súnmọ́ ọn yóò rán ọ̀rọ̀ ìdarapọ̀, tí ń jẹ́ Join, lọ sí ọ̀nà ibùdó ìpàdé láti ọwọ́ router kan sí òmíràn, ibi tí ọ̀rọ̀ náà bá sì kọjá ni ẹ̀ka igi ti ń hù. Ìṣẹ́jú àáyá 60 sí 60 ni wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ náà rán; bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ̀ka náà yóò kú fúnra rẹ̀. Ní apá orísun, router tí ó súnmọ́ orísun yóò di ìsọfúnni sínú ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀, tí ń jẹ́ Register, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ibùdó ìpàdé. Bí ibùdó ìpàdé bá ní olùgbà, yóò ránṣẹ́ ìdarapọ̀ sí ọ̀nà orísun kí ìsọfúnni lè máa ṣàn wá láìsí ìdìpọ̀, yóò sì sọ fún router orísun pé kí ó dẹ́kun ìforúkọsílẹ̀. Bí kò bá sì ní olùgbà rárá, yóò kàn ní kí ó dẹ́kun.

Ibi tí èdè wọn kò ti bára mu

Láti inú àlàyé òkè yìí, ìṣòro ìsopọ̀ hàn kedere. Nínú dense-mode, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ti gbà láti gba ìsọfúnni. Nínú sparse-mode, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ti kọ̀ ọ́. Bí a bá wá fi agbègbè méjèèjì kan ara wọn láìṣe ètò kankan, ohun méjì ni yóò ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, olùgbà tí ó wà ní agbègbè dense-mode yóò máa dúró de ìsọfúnni tí kò ní dé, nítorí pé router rẹ̀ gbà pé yóò ṣàn wá fúnra rẹ̀, nígbà tí agbègbè sparse-mode sì ń dúró de ọ̀rọ̀ ìdarapọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní rán. Èkejì, orísun tí ó wà ní agbègbè dense-mode yóò máa tú ìsọfúnni jáde títí dé ibodè, ṣùgbọ́n ibùdó ìpàdé tí ó wà ní òdì-kejì kò ní mọ̀ pé irú orísun bẹ́ẹ̀ wà láyé, nítorí pé kò sí ẹni tí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Iṣẹ́ router oníbodè

Router tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà ní agbègbè dense-mode, tí èkejì sì wà ní ti sparse-mode, ni a ó pè ní oníbodè. Ètò méjèèjì ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ni àwọn ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìfiránṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò. Dave Thaler ṣe àkójọ òfin ìbáṣepọ̀ yìí sínú RFC 2715 tí ó jáde ní ọdún 1999. Kókó inú rẹ̀ ni pé ìdì tí ó bá gba ẹnu ọ̀nà tí ó tọ́ wọlé gbọ́dọ̀ jáde sí gbogbo ẹnu ọ̀nà tí olùgbà wà, ètò yòówù kí ó ni ín, àti pé nígbà tí ètò kan bá rí olùgbà tàbí tí ó pàdánù wọn, ó gbọ́dọ̀ ta ètò kejì lólobó.

Nígbà tí orísun bá wà ní agbègbè dense-mode, iṣẹ́ oníbodè kò le púpọ̀. Ìsọfúnni yóò ṣàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń ṣàn dé ibi gbogbo. Oníbodè yóò wá ṣe bí ẹni pé orísun náà wà ní àdúgbò tirẹ̀ gan-an, yóò sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ibùdó ìpàdé. Bí ibùdó ìpàdé bá sọ pé kò sí olùgbà, tí oníbodè kò sì ní ìdí mìíràn láti fẹ́ ìsọfúnni náà, ó lè rán ọ̀rọ̀ ìgékúrò sínú agbègbè dense-mode. Bí ọ̀rọ̀ ìdarapọ̀ bá dé láti apá sparse-mode lẹ́yìn náà, oníbodè yóò yí i padà sí ọ̀rọ̀ ìsopadà, kí ẹ̀ka tí ó ti gé lè hù padà. Iṣẹ́ ògbufọ̀ pọ́ńbélé nìyí: ohun tí apá kan pè ní Join ni apá kejì ń gbọ́ gẹ́gẹ́ bíi Graft.

Nígbà tí orísun bá wà ní agbègbè sparse-mode, tí olùgbà sì wà ní ti dense-mode, níbẹ̀ ni gbẹ̀du ti ń ki. Oníbodè ní láti rán ọ̀rọ̀ ìdarapọ̀ fún ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ IGMP kò kọjá router àkọ́kọ́, agbègbè dense-mode kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan tí ó ń sọ pé ẹnì kan fẹ́ ohun tí kò tíì ṣàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Ojútùú mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ gbé kalẹ̀.

Ojútùú kìíní ni pé kí oníbodè béèrè fún ohun gbogbo. Nínú àwọn ìwé ìlànà PIM-SM àtijọ́, wọ́n fún oníbodè ní ọ̀rọ̀ ìdarapọ̀ pàtàkì kan tí ó ń sọ fún gbogbo ibùdó ìpàdé pé kí wọ́n kó ìsọfúnni gbogbo orísun àti gbogbo ẹgbẹ́ wá. Oníbodè yóò wá da gbogbo rẹ̀ sínú agbègbè dense-mode, àwọn tí kò bá fẹ́ ẹ yóò sì gé ara wọn kúrò. Kò sí olùgbà tí yóò pàdánù, àmọ́ ẹrù tí yóò wọ ibodè lè wúwo ju ohun tí okùn ibodè lè gbé lọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ RFC 7761 ní ọdún 2016, wọ́n yọ ètò yìí kúrò, nítorí pé àwọn tí ó ti lò ó níṣẹ́ gidi kò tó láti fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Ojútùú kejì ni pé kí àwọn router inú agbègbè dense-mode máa kéde ẹgbẹ́ tí olùgbà wọn wà fún gbogbo agbègbè náà, kí oníbodè lè gbọ́. Nígbà náà, oníbodè yóò rán ọ̀rọ̀ ìdarapọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n dárúkọ nìkan. Èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ fún ẹrù, ṣùgbọ́n ó ń béèrè pé kí gbogbo router tí ó wà níbẹ̀ gbọ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀.

Ojútùú kẹta ni ó rọrùn jù fún agbègbè dense-mode kékeré tí ó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo sí ìta, bí ẹ̀ka ọ́fíìsì kan. Níbẹ̀, router ẹ̀ka náà yóò gba ọ̀rọ̀ IGMP láti ẹnu àwọn kọ̀ǹpútà, yóò sì fi ránṣẹ́ tààrà sí router sparse-mode tí ó wà lókè rẹ̀, bí ọmọ ilé tí ń bá àwọn ará ilé jíṣẹ́ fún ẹni tí ó wà níta. Router òkè yóò rí i bí ẹni pé àwọn olùgbà náà wà ní ìdí òun gan-an, yóò sì rán ọ̀rọ̀ ìdarapọ̀ lọ sí ibùdó ìpàdé fúnra rẹ̀.

Bí oníbodè bá ju ẹyọ kan lọ

Bí agbègbè méjèèjì bá pàdé ní ibi méjì, ìdì kan náà lè gba ibodè kìíní jáde kí ó tún fẹ́ gba ibodè kejì padà wọlé. Òfin RPF ni yóò dá irú ìdì bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí pé ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé kò kọjú sí orísun rẹ̀. Ní ti ìforúkọsílẹ̀, àwọn ìwé ìlànà tí ó ṣètò oníbodè fi àmì kan sínú ọ̀rọ̀ Register rẹ̀, kí ibùdó ìpàdé lè mọ̀ pé oníbodè ló fi í ránṣẹ́. Oníbodè tí ó bá kọ́kọ́ forúkọ orísun kan sílẹ̀ ni ibùdó ìpàdé yóò máa gbọ́ tirẹ̀, yóò sì ní kí àwọn tí ó kù dẹ́kun.

Òfin kan náà tí ó ń dáàbò boni yìí lè di ìdènà. Bí ìwé ọ̀nà bá sọ pé ibodè ìlà-oòrùn ni ọ̀nà tí ó lọ sọ́dọ̀ orísun, ṣùgbọ́n tí ìsọfúnni multicast ń gba ibodè ìwọ̀-oòrùn wọlé, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò dà nù láìsí ariwo kankan. Ìdí nìyí tí ìwé ọ̀nà unicast fi gbọ́dọ̀ bá ọ̀nà tí multicast ń rìn mu.

Àwọn àṣìlóye tí ó yẹ kí a tún ṣe

Àṣìlóye kìíní ni pé dense-mode wà fún ẹgbẹ́ tí èrò rẹ̀ pọ̀, sparse-mode sì wà fún ẹgbẹ́ kékeré. Iye èrò nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n ṣe tàn ká nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹgbẹ́ tí ó ní olùgbà 10,000 lè jẹ́ ti sparse-mode bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n wà bá fẹ̀ débi pé ibi tí wọn kò sí ló pọ̀ jù.

Àṣìlóye kejì ni pé gbogbo ìsọfúnni sparse-mode ń gba ibùdó ìpàdé kọjá títí dé òpin. Ibùdó ìpàdé wà kí orísun àti olùgbà lè mọ ara wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ara wọn, router olùgbà lè rán ọ̀rọ̀ ìdarapọ̀ tààrà sí ọ̀nà orísun, kí ó sì fi ọ̀nà tí ó gba ibùdó ìpàdé sílẹ̀.

Àṣìlóye kẹta ni pé ètò tí àwọn router Cisco ń pè ní sparse-dense-mode ni ìsopọ̀ tí a ń sọ. Ohun tí ètò yẹn ń ṣe ni pé lórí ẹnu ọ̀nà kan náà, ẹgbẹ́ tí a mọ ibùdó ìpàdé rẹ̀ ń rìn ní ìlànà sparse-mode, èyí tí a kò mọ tirẹ̀ sì ń rìn ní ìlànà dense-mode. Wọ́n lò ó kí ìkéde ibùdó ìpàdé, tí ó ń gba ẹgbẹ́ 224.0.1.39 àti 224.0.1.40, lè tàn ká ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ ibùdó ìpàdé. Kò sọ ọ̀rọ̀ agbègbè kan di ti èkejì, ó sì ní ewu tirẹ̀: bí ibùdó ìpàdé bá kú, àwọn ẹgbẹ́ tí ó gbára lé e lè ṣubú sínú dense-mode, kí ìsọfúnni sì ya bo okùn tí kò lè gbà á.

Ohun tí ó yẹ kí aṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì di mú

Ẹni tí ó bá fẹ́ so agbègbè méjèèjì pọ̀ gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ta ni yóò forúkọ àwọn orísun dense-mode sílẹ̀ lọ́dọ̀ ibùdó ìpàdé? Ta ni yóò sọ ẹgbẹ́ tí àwọn olùgbà dense-mode fẹ́? Ṣé ọ̀nà tí ìwé ọ̀nà fi hàn lọ sọ́dọ̀ orísun bá ẹnu ọ̀nà tí ìsọfúnni ń gbà wọlé mu? Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ní ìdáhùn, apá kan yóò ṣófo tàbí kí ó kún àkúnya. Ní ibi tí ó bá ṣeé ṣe, ó sàn kí wọ́n sọ gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì di sparse-mode, kí dense-mode sì wà ní àyè kékeré tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n níbi tí méjèèjì bá ti gbọ́dọ̀ jọ wà, oníbodè tí ó mọ ìtumọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ apá méjèèjì ni ìsopọ̀ náà dúró lé.